Àbẹ̀kẹ́, ológbò tí màmá mi fi sílẹ̀: kíndìnrín ń yọ ọ́ lẹ́nu, inú rẹ̀ ò gba oúnjẹ mọ́

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́ran ọ̀sìn. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, n ò dá sí i rí. Lálẹ́ òní mi ò rí oorun sùn, ni mo ṣe ní kí n bi yín.

Ológbò kan wà lọ́wọ́ mi ní Ìbàdàn níbí, Àbẹ̀kẹ́ lorúkọ rẹ̀. Màmá mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dún 2011, eku ń jẹ ìwé wọn ní yàrá, ni ẹnì kan bá bá wọn wá ọmọ ológbò tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Eku tán nílé, Àbẹ̀kẹ́ di ọmọ. Orí itan màmá ló máa ń sùn sí tí wọ́n bá ń ka Bíbélì lálẹ́. Wọ́n kú ní 2022. Nígbà tí ẹbí ń pín ẹrù, ẹni tó ń mú àwo ń mú àwo, ẹni tó ń mú aṣọ ń mú aṣọ, kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Mo gbé e sínú agbọ̀n, mo fi ìborùn màmá bò ó, mo gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni ibùsùn rẹ̀, lórí àwọn ègé àǹkárá tí mo bá gé kù.

Ìgbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí i pé omi tó ń mu ti pọ̀ jù. Abọ́ tí omi rẹ̀ máa ń di ọjọ́ kejì, kí n tó jẹun ọ̀sán, ó ti gbẹ. Mo ní ooru ni. Iyẹ̀pẹ̀ inú ike tó ń tọ̀ sí náà wá ń rin gbingbin bí ìgbà tí òjò rọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Tí mo bá fọwọ́ ra á lẹ́yìn báyìí, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kẹ̀ lábẹ́ ìka mi, mo lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú rẹ̀ gan-an ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ìdájí ló máa ń bì, ìfófó funfun, nígbà mìíràn omi tó pọ́n bí òróró. Tí mo bá sì gbé ẹja síwájú rẹ̀, á sáré wá. Á na imú sí i, á gbóòórùn rẹ̀, á wá fi ahọ́n lá ètè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á gbé itọ́ mì, á yíjú sí ògiri. Ebi ń pa á. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ebi ń pa á, ṣùgbọ́n kò lè jẹ ẹ́.

Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni. Wọ́n fún un lóògùn aràn àti abẹ́rẹ́ fítámíìnì, wọn ò gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ báyẹn. Dókítà ẹran kejì ló gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀. Creatinine rẹ̀, ìyẹn ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín yẹ kó sẹ́ dànù, jẹ́ 3.4 mg/dL. Wọ́n wọn bí ìtọ̀ rẹ̀ ṣe ki tó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí omi lásán, 1.014 ni wọ́n kọ síwèé. Kílò 2.7 ló wọ̀n. Nígbà ayé màmá mi, ó ju kílò mẹ́rin lọ. Wọ́n fa omi sí i lára fún ọjọ́ méjì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ èébì, ara rẹ̀ yá, ó jẹun. A délé, kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ó tún padà síbi tó wà.

Dókítà ní kí n wá oúnjẹ tí wọ́n ṣe fún ológbò tí kíndìnrín ń dà láàmú. Èkó ni mo ti rí i rà, àpò kékeré, owó gidi. Mo bù ú sí àwo. Àbẹ̀kẹ́ gbóòórùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wa ilẹ̀ yí àwo ká, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó mọ̀ láti kékeré ni ṣáwá yíyan, orí pánlá, àti edé gígún tí màmá mi máa ń bù sórí ẹ̀kọ fún un.

Aládùúgbò mi kan ní kí n fún un lómi ewúro. Òmíràn ní ológbò tó bá ti gbó tó báyìí, kí n gbé e jìnnà sílé kó má lọ di nǹkan mìíràn mọ́ mi lọ́wọ́. Èyí dùn mí débi pé mi ò fèsì.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n jẹ́ kí ebi pa á títí yóò fi gba oúnjẹ yẹn ni? Ṣé kí n dín omi tó ń mu kù kí ìtọ̀ lè dín kù? Èyí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni pé, ṣé ìyà ni mo ń fi jẹ ẹ́? Mi ò fẹ́ kó kú. Ṣùgbọ́n mi ò tún fẹ́ máa dá a dúró torí pé èmi fúnra mi ò tíì ṣetán láti jẹ́ kí màmá mi lọ tán.

Ọmọ Ọ̀ffà

Ẹ kú ìnira, ẹ̀gbọ́n. Mo ti sin ológbò mẹ́ta. Tí wọ́n bá ti gbó tí wọ́n ń bì báyẹn, wọ́n kì í pẹ́ mọ́. Ẹ má ná gbogbo owó ìránṣọ yín tán sórí rẹ̀. Omi ewúro tí wọ́n sọ yẹn ran ọ̀kan nínú tèmi lọ́wọ́. Tí ara rẹ̀ bá ń gbóná, ẹ gé paracetamol sí mẹ́rin, kí ẹ fi ọ̀kan sínú ẹja fún un.

Dókítà Ẹran, Abẹ́òkúta

Ẹ̀gbọ́n Aránṣọ, ẹ jọ̀ọ́, kí n tó sọ ohunkóhun: ẹ má fún ológbò ní paracetamol, ì báà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè tú u ká bí ti èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́, èrìgì rẹ̀ á pàwọ̀ dà, ojú rẹ̀ á wú, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ibuprofen náà léwu fún un, kíndìnrín ló máa ń bà jẹ́. Àbúrò mi ará Ọ̀ffà, mi ò bínú sí ọ, mo mọ̀ pé ire lo fẹ́, àmọ́ wọ́n ti gbé ológbò wá bá mi nítorí oògùn yìí tí mi ò sì rí i gbà là.

Ewúro náà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹranko tí èébì ń gbé, tí ẹ tún ń fipá da ohun kíkorò sí lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí Àbẹ̀kẹ́. Asẹ́ ni kíndìnrín jẹ́ fún ara. Kí àmì kankan tó hàn lára ológbò, ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára asẹ́ yẹn ti lọ. Kíndìnrín ò lè mú kí ìtọ̀ ki mọ́, ìyẹn ni omi ṣe ń dà jáde lára rẹ̀, tí òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́. Nítorí náà, ẹ ò gbọdọ̀ dín omi rẹ̀ kù rárá. Omi tó ń mu yẹn ló ń gbé e dúró. Ẹ gbé abọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó jìnnà sí àwo oúnjẹ àti sí iyẹ̀pẹ̀ ìtọ̀.

Èébì yẹn: ìdọ̀tí tí asẹ́ ò yọ kúrò ló ń yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń dé ibi tí ọpọlọ ti ń pàṣẹ èébì. Ètè tó ń lá, itọ́ tó ń gbé mì, tí ẹ ṣàkíyèsí yẹn, inú rírìn gan-an nìyẹn, ojú yín mú. Nígbà kan a máa ń rò pé egbò ló wà nínú ikùn wọn, a sì máa ń yára fún wọn ní oògùn ọgbẹ́ inú. Àwọn tó yẹ ikùn irú ológbò bẹ́ẹ̀ wò rí i pé egbò ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Maropitant ni mo máa ń fún wọn fún èébì. Tí èébì bá ti rọlẹ̀ tí wọn ò sì tíì jẹun, mirtazapine díẹ̀ máa ń jẹ́ kí oúnjẹ wù wọ́n. Dókítà yín ni kó sọ ìwọ̀n rẹ̀, ẹ má ra ti èèyàn ní kẹ́mísì kí ẹ máa gé e lójú.

Creatinine 3.4 yẹn, lórí òṣùwọ̀n IRIS tí àwa dókítà ẹran fi ń mọ bí àìsàn kíndìnrín ṣe le tó, láti 2.9 dé 5.0 ni ìpele kẹta nínú mẹ́rin. Mo ti mọ ológbò tó lo ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpele yìí. Àmọ́ ẹ tún ẹ̀jẹ̀ yẹn yẹ̀ wò nígbà tí omi bá ti tó lára rẹ̀, torí ara gbígbẹ máa ń gbé iye náà ga. Kí wọ́n wo phosphorus àti potassium, àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú. Kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ìyẹn. Tí nọ́ńbà tòkè bá ń ju 160 lọ léraléra, ojú ológbò lè fọ́ lójijì, oògùn rẹ̀ sì wà, amlodipine.

Nípa ebi: ológbò ò ṣeé fi sí ààwẹ̀. Tó bá ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ láìjẹun, ọ̀rá ara rẹ̀ á ya bo ẹ̀dọ̀, ẹ á wá ní àìsàn méjì lọ́wọ́. Ohunkóhun tó bá gbà jẹ báyìí, ẹ fún un. Edé gígún àti orí pánlá nìkan ni kí ẹ gbé kúrò. Èèpo àti eegun wọn kún fún phosphorus, ohun tí kíndìnrín rẹ̀ ò lè tú dànù mọ́. Ẹ se ẹja tútù tàbí adìyẹ tí kò léegun, ẹ da omi àkọ́sè nù, ẹ gé e wẹ́wẹ́. Kò gbọdọ̀ sí àlùbọ́sà, kò gbọdọ̀ sí màgí. Ìyẹn nìkan ò lè tó o títí lọ, ṣùgbọ́n yóò gbé e dé ibi tí oúnjẹ oníwòsàn yẹn ti lè wọlé.

Ará Peckham

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọ̀rọ̀ màmá o. Mo ka ìlà tó kẹ́yìn yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀ ná.

Lọ́ndọ́nù ni mo wà. Ológbò tèmi bẹ̀rẹ̀ irú èyí nígbà tó pé ọdún 14 bíi ti Àbẹ̀kẹ́, a sì jọ wà di ìgbà tó lé díẹ̀ ní ọdún 17. Ohun méjì ló ràn wá lọ́wọ́ jù.

Àkọ́kọ́ ni bí mo ṣe fi oúnjẹ tuntun mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbé e síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí inú ń rìn ín. Á so òórùn oúnjẹ yẹn pọ̀ mọ́ èébì, kò sì ní wò ó láéláé mọ́. Mo ṣe àṣìṣe yìí, àpò kan gbáko ṣòfò. Ìgbà tí oògùn èébì ti ṣiṣẹ́ fún bí ọjọ́ márùn-ún ni mo gbé àwo kejì sí ẹ̀gbẹ́ àwo rẹ̀, ṣíbí kan péré níbẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́, mi ò tì í síbẹ̀. Ọjọ́ kẹjọ ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó gbà tó oṣù kan ààbọ̀ kó tó jẹ́ pé ìyẹn ló ń jẹ jù. Ẹ máa fi omi gbígbóná díẹ̀ rin ín kí òórùn rẹ̀ lè jáde.

Ìkejì ni omi abẹ́ awọ, ìyẹn omi tí à ń fi abẹ́rẹ́ fà sábẹ́ awọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ibi tí mo ń gbé e lọ ló kọ́ mi nílé wọn, ìgbà mẹ́ta lójú rẹ̀ kí n tó dá a ṣe. Wọ́n ti gbọ́ ọkàn rẹ̀ ná, torí ológbò tí ọkàn rẹ̀ ò lágbára, omi yẹn lè kún un láyà. Ringer's lactate, irú omi tí wọ́n ń fà sára, ni, 100 ml, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ohun tí wọ́n kọ fún tèmi nìyẹn. Mo máa ń ki àpò omi náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó má bàa tutù wọ̀ ọ́ lára. Ẹ ó fi ìka méjì gbé awọ àárín èjìká rẹ̀ sókè bí àgọ́, ẹ ó ki abẹ́rẹ́ wọ ìsàlẹ̀ àgọ́ yẹn, ẹ ó sì jẹ́ kó ṣàn. Omi á wú síbẹ̀ bí kókó rírọ̀, tó bá dìde á yọ̀ wá sí apá. Ẹ má bẹ̀rù, tó bá di ọjọ́ kejì, ara ti fà á mu. Abẹ́rẹ́ tuntun ni nígbà gbogbo.

Lórí ìbéèrè ìyà: ohun mẹ́ta ni ológbò mi fẹ́ràn láyé. Ojú fèrèsé tí oòrùn bá kàn, bọ́tà tí mo bá fi sórí ìka mi, àti kí n máa fọ́ orí rẹ̀ lẹ́yìn etí. Mo kọ wọ́n sára kàlẹ́ńdà ilé ìdáná, mo ń fàlà sí ọjọ́ tó bá béèrè ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn. Ní 2021, ọjọ́ mẹ́fà tẹ̀ léra tí mi ò rí nǹkan fàlà sí. Mo pe dókítà, ó wá bá wa nílé. Èmi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo fi lè mọ̀.

Ọmọ Ọ̀ffà

Mo ti rí ohun tí dókítà kọ. Mi ò mọ̀ rárá pé paracetamol ń pa wọ́n. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún un o, ẹ jọ̀ọ́. Mo tún ń ronú sí ọ̀kan nínú àwọn tèmi báyìí, ojú rẹ̀ wú kó tó kú.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo padà lọ bá dókítà wa, mo ka ohun tí ẹ kọ fún un lórí fóònù. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì tún ẹ̀jẹ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn tí wọ́n ti fa omi sí i. Creatinine wálẹ̀ sí 3.0. Potassium rẹ̀ ló kéré, ó ní ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ó fún un ní èyí tí mo ń pò mọ́ oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ jẹ́ 148, mo dúpẹ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ náà ti le bí òkúta wẹ́wẹ́, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyẹn wà nínú rẹ̀. Ó ní nígbà tí omi bá ti gbẹ lára, ìgbẹ́ á gan. Lactulose díẹ̀ láàárọ̀ ti tú u sílẹ̀, èébì ìdájí náà sì dín kù lẹ́yìn ìyẹn.

Oògùn èébì ni mo fún un fún ọjọ́ mẹ́rin kí n tó gbé àwo kejì jáde. Adìyẹ ló ń jẹ nínú ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ kẹwàá, mo ń ya kọ́là aṣọ oníbàárà kan, mo gbọ́ kẹ́kẹ́kẹ́ lẹ́yìn mi. Oúnjẹ oníwòsàn yẹn ló ń rún. Mi ò yíjú padà, kí n má bàa dá a lẹ́kun. Mo kàn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ títí ó fi ṣe tán. Hóró mẹ́sàn-án ló jẹ, mo kà á lára èyí tí mo fi síbẹ̀.

Edé ti kúrò nílé wa. Ìyẹn nira fún mi ju bó ṣe nira fún un lọ, torí ọwọ́ màmá mi ni mo máa ń rí tí mo bá ń gún un.

Omi abẹ́ awọ, a ti ń ṣe é. Ìkọ́ tí mo ń fi àwọn kaba tí mo bá rán tán kọ́ ni mo fi àpò omi kọ́. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ń dì í mú, a fi ìborùn màmá wé e, orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ọwọ́ mi gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì rèé, abẹ́rẹ́ niṣẹ́ mi láti ọdún 26 sẹ́yìn. Àbẹ̀kẹ́ ò ké. Ó kàn ń wo ògiri, ó ń mí.

Mo ra òṣùwọ̀n ilé ìdáná, mo ń wọ̀n ọ́n ní gbogbo ọjọ́ Àìkú nínú agbọ̀n tí mo fi gbé e kúrò nílé wa. Kílò 2.8 ni lọ́sẹ̀ yìí. Mo kọ ohun mẹ́ta tèmi náà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù: kó wá jókòó lé aṣọ tí mo ń gé, kó fi orí gbá ẹsẹ̀ mi tí mo bá ń tẹ ẹ̀rọ, kó wá gbọ́ tí mo bá ń ka Bíbélì. Ọjọ́ 19 ni mo ti fàlà sí nínú 21.

Ará Peckham, ìbéèrè kan ló kù. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fún mi, 21 ni wọ́n kọ sí i, omi náà ń lọ jẹ́jẹ́ débi pé ó gba ogún ìṣẹ́jú, ó sì ti ń sú u kó tó tán. Èwo lẹ lò?

Ará Peckham

18, ẹ̀gbọ́n. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni ihò rẹ̀ ń tóbi. Ó nípọn lójú, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, tèmi sì fara mọ́ ọn ju èyí tó ń pẹ́ lọ. Ẹ bi dókítà yín bóyá ó ní 20, kí ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì gbé ìkọ́ kaba yẹn sókè sí i, bí àpò bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń yá tó. Ẹ bá mi kí Àbẹ̀kẹ́.